Kíkọ́ Pápá Ìṣeré Teslim Balogun àti Àwọn Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù Èkó

Pápá ìṣeré Teslim Balogun wà ní Sùúrùlérè, ní ìpínlẹ̀ Èkó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré ńlá ti ìjọba àpapọ̀. Ọdún 1984 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i. Àyè òǹwòran 24,325 ló wà nínú rẹ̀. Ní gbogbo ọdún 23 yẹn, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù láti Sùúrùlérè, Múṣin, Ṣómólú àti Bàrígà, títí dé Ìlàjẹ létí ọ̀sà, ló ń ṣọ́ iṣẹ́ náà. Ìkọ́lé yìí wà lára àwọn iṣẹ́ ìjọba tó pẹ́ jù lọ lójú ará Èkó.

Ẹni tí wọ́n fi sọrí

Ọmọ Èkó ni Teslim Balogun. Àwọn òǹwòran ló sọ ọ́ ní “Thunder” nítorí bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe máa ń le. Ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù. Ó padà síbẹ̀ ní 1955 lọ́dọ̀ Peterborough United, ó sì bọ́ sí Queens Park Rangers ní 1956. Ọdún 1972 ló kú. Nígbà tí wọ́n máa fi gbá bọ́ọ̀lù nínú pápá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó wá wòran kò bá a láyé.

Gómìnà méje, iṣẹ́ kan

Ìjọba ológun Gbolahan Mudasiru ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mike Akhigbe, Raji Rasaki, Michael Otedola, Olagunsoye Oyinlola, Buba Marwa àti Bola Tinubu jẹ gómìnà tẹ̀léra wọn. Ìjọba kan á lọ, òmíràn á dé, pápá náà á ṣì wà nílẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dun àwọn èèyàn ni pé aládùúgbò rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdíje eré ìdárayá gbogbo Áfíríkà ti oṣù kìíní 1973 ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ pápá ńlá ti ìjọba àpapọ̀. Àlejò ń bọ̀, ọjọ́ sì ti wà nílẹ̀, nítorí náà dandan ni kí iṣẹ́ parí. Ibẹ̀ ni Nàìjíríà ti na Àlùjíríà ní 3–0 tó fi gba ife Áfíríkà ní 1980, ibẹ̀ náà ni Kamẹrúùnù ti fi pẹnáritì gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ ní 2000. Láàárín ìdùnnú àkọ́kọ́ àti ẹkún ìkejì yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Teslim Balogun, tí wọn kò sì parí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ

Nígbà náà, ẹni tó bá ti Bàrígà lọ wo bọ́ọ̀lù á wọ dáńfó gba Fádéyì tàbí Jìbówú, á gba Ojúẹlẹ́gba, á sọ̀ ní ibùdókọ̀ Stédíọ̀mù. Bí irú òǹwòran bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ wo Super Eagles, ikọ̀ Nàìjíríà, ló ń yọjú wo iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì: ṣé wọ́n ti kun ibi ìjókòó, ṣé iná ti dúró, ṣé koríko ti délẹ̀? Lọ́jọ́ mìíràn, ìdí àtẹ oníwèé ìròyìn ni àwíjàre ti ń wáyé. Àwọn tí kì í ra ìwé, tí wọ́n kàn ń dúró ka ojú ewé àkọ́kọ́ lófẹ̀ẹ́, ló máa ń jiyàn jù: ẹnì kan á ní agbaṣẹ́ṣe ló jẹ owó, èkejì á ní ìjọba ni kò sanwó. Ẹlòmíràn á ní, “Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.”

Ọ̀rọ̀ pápá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán ní àgbègbè yìí. Ní Ìlàjẹ, títì tàbí ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn dí ni àwọn ọmọ ti ń gbá “monkey post”, bọ́ọ̀lù olópòó kékeré. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, wọ́n á gbé òpó kúrò lọ́nà. Ní Akọ́kà tó wà nítòsí ni ilé-ẹ̀kọ́ St. Finbarr’s wà, níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti kàwé. Nwosu wà nínú ikọ̀ tó gba ife 1980.

Ojú tó ń wo òkèèrè

Nígbà tí ará Èkó ṣì ń dúró, ní 2004, ẹgbẹ́ Arsenal bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pápá Emirates ní Lọ́ńdọ̀nù, tó gba òǹwòran tó lé ní 60,000. Ní 2006, wọ́n ti wọ ibẹ̀. Kanu Nwankwo ti gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal títí di 2004, nítorí náà ẹgbẹ́ yìí ti lọ́mọlẹ́yìn rẹpẹtẹ nílé ìwòran bọ́ọ̀lù l’Ékòó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa nìkan ni iṣẹ́ ń falẹ̀ lọ́wọ́ wa. Nítorí pápá Wembley tuntun kò parí, Cardiff ni wọ́n ti gbá àṣekágbá FA Cup ti 2006. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí Wembley, ọdún kan náà pẹ̀lú Teslim Balogun.

Lẹ́yìn ìṣíde

Ní 2009, Teslim Balogun wà lára àwọn pápá tí wọ́n lò nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò Ife Àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 2021, Central African Republic na Super Eagles ní 1–0 níbẹ̀. Pápá mìíràn náà yí padà l’Ékòó: ní Oníkàn, wọ́n tún pápá àtijọ́ kọ́, wọ́n sì fi Mobolaji Johnson, gómìnà àkọ́kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó, sọ ọ́ lórúkọ ní 2019.

Iṣẹ́ ọdún 23 yẹn ti kọ́ òǹwòran Èkó lọ́gbọ́n. Bí ìjọba bá ti kéde pápá tuntun lónìí, wọn kì í kọ́kọ́ bèèrè iye èèyàn tí yóò gbà. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé: ìdíje wo ló ń bọ̀ níbẹ̀, ọjọ́ wo sì ni? Bí kò bá sí ọjọ́, wọ́n á ní kí ìjọba má tíì gé ríbọ́nù.