Ilé Ará Àbíjáǹ ní Èjìgbò

Èjìgbò, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wà ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí Ògbómọ̀ṣọ́. Owó tí àwọn ọmọ rẹ̀ rí nídìí òwò ní Àbíjáǹ, ní Côte d'Ivoire, ló kọ́ púpọ̀ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Èjìgbò. Lẹ́bàá títì, ṣọ́ọ̀bù máa ń wà nísàlẹ̀, àwọn onílé á sì máa gbé lókè. Bọ́ọ̀sì Àbíjáǹ ń gbéra láti Èjìgbò, wọ́n á gba Kútọnu, Lomé àti Akra kọjá. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ló mú físà kúrò lọ́nà àwọn arìnrìn-àjò náà. Nínú ọjà Èjìgbò, wọ́n ń sọ Faransé, wọ́n sì ń ná owó sẹ́fà (CFA). Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò ìlú wá kẹ́kọ̀ọ́ lára ilé Èjìgbò, níbi tí ṣọ́ọ̀bù àti ibùgbé ti wà pọ̀.