Ilé tó ń mí láìjẹ́ kí ooru jáde: Bí ọ̀wọ́ngógó epo ọdún 1973 ṣe bí ọgbọ́n ìkọ́lé tuntun ní Kánádà

Lóṣù Kẹwàá, ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ní àwọn kò ní ta epo rọ̀bì fún Amẹ́ríkà mọ́, torí pé ó ti Ísírẹ́lì lẹ́yìn lójú ogun. Kò pẹ́ tí àgbá epo kan fi kúrò ní nǹkan bíi dọ́là 3 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di dọ́là 12.

Ní Nàìjíríà, owó wọlé. Àsìkò náà ni owó Udoji tí àwọn àgbà ṣì ń sọ títí dòní.

Àmọ́ ẹni tó ń ra epo kò rẹ́rìn-ín. Ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà, òtútù máa ń lọ sílẹ̀ tó -30°C. Ẹni tí kò bá mú ilé rẹ̀ gbóná lè gan pa.

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní kí àwọn onímọ̀ kọ́ ilé tí yóò máa lo oòrùn. Harold Orr àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ajere ni ọ̀pọ̀ ilé: bó o bá da ooru sí i, yóò jò lọ. Dídí ihò ló yẹ kó ṣáájú.

Ọdún 1977 ni wọ́n parí ilé náà ní ìlú Regina. Ògiri rẹ̀ nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n sì fi ọ̀rá dí gbogbo ibi tí atẹ́gùn lè gbà.

Ìṣòro mìíràn bá yọjú. Èémí, òórùn ọbẹ̀ àti ọ̀rinrin kò rí ọ̀nà jáde. Bí wọ́n bá sì ṣí fèrèsé, ooru yóò bá a lọ.

Àpótí kan ló yanjú rẹ̀. Wọ́n to ike pẹlẹbẹ sínú rẹ̀. Atẹ́gùn gbígbóná tó ti dọ̀tí ń gba ẹ̀gbẹ́ kan jáde, èyí tó tutù tó sì mọ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé. Àwọn méjèèjì kò pò pọ̀, ṣùgbọ́n ooru ń gba ara ike kọjá sọ́dọ̀ èyí tó ń wọlé.

Ẹ̀rọ agboòrùn, tí àlejò ń wò, wọ́n púpọ̀, ó sì ń dààmú wọn. Ògiri àti àpótí ló ṣe iṣẹ́ ọ̀hún.

Lọ́dún 1991, ìdílé mẹ́rin kó wọ ilé tí Wolfgang Feist lo irú ọgbọ́n yìí fún ní Darmstadt, Jámánì. Ibẹ̀ ni ìlànà ìkọ́lé Passivhaus ti tàn káyé.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ olóoru pẹ̀lú. Nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí Accra, àpótí kan náà lè fi atẹ́gùn tútù tó ń jáde dín ooru èyí tó ń wọlé kù. Owó iná tàbí ti jẹnẹrétọ̀ ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn.