Ipò Ìwakọ̀ àti Ìyárasókè Ọkọ̀ Kékeré Alátọ́bò ní Ojú Ọ̀nà Olókè: Àyẹ̀wò Láti Ilẹ̀ Àkókó

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ bí ipò ìwakọ̀ tí a ń fi bọ́tìnnì yàn, ìyẹn Eco, Normal àti Sport, ṣe ń nípa lórí ìyárasókè ọkọ̀ kékeré tó ní tọ́bò wò. Ojú ọ̀nà olókè tó so Ṣúpárè, Àkùngbá, Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ pọ̀ ni a ní lọ́kàn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bọ́tìnnì kò fi agbára kankan kún ẹ́ńjìnnì. Ìgbà tí agbára tó ti wà níbẹ̀ yóò tẹ táyà lọ́wọ́ ló ń yí padà. Ìṣirò wa fi hàn pé bí òkè bá ṣe ga sí i tí ẹrù sì wúwo sí i ni ìyàtọ̀ láàárín àwọn ipò yìí ń gbòòrò.

Ìfáàrà

Ẹni tó bá gba Ọ̀wọ̀ wọ ilẹ̀ Àkókó mọ̀ pé àpáta àti òkè ni yóò máa bá kẹ́gbẹ́ títí dé Ìkàrẹ́. Ṣúpárè wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ọ̀kà. Kò sì jìnnà sí Àkùngbá níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà. Lágbègbè yìí, ọ̀rọ̀ ìyárasókè kọjá fáàrí. Òun ló ń sọ bóyá awakọ̀ yóò lè ya tírélà tó ń rá pálá gun òkè sílẹ̀ kí ọkọ̀ mìíràn tó yọ níwájú, tàbí kó fara balẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Toyota tí kò ní tọ́bò ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀ kéékèèké tó ń ná ọ̀nà yìí. Ara tírélà àti bọ́ọ̀sì onídísẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti kọ́kọ́ mọ tọ́bò. Ní báyìí, àwọn tòkúnbọ̀ bíi Honda Civic, Volkswagen Golf àti Hyundai Elantra Sport ti gbé e dé ilé ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Owó epo náà sì ti sọ bọ́tìnnì Eco di ohun tí gbogbo ènìyàn ń bojú wò. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni iye owó lítà bẹntiróò kan fò láti nǹkan bí náírà 185 kọjá 480. Láti ìgbà náà ni awuyewuye ti wà láàárín àwọn awakọ̀: àwọn kan ní Sport ń fi agbára kún mọ́tò, àwọn mìíràn ní Eco ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ó yẹ ká mọ èyí tó jóòótọ́.

Bí tọ́bò ṣe ń ṣiṣẹ́

Afẹ́fẹ́ tó bá wọ inú ẹ́ńjìnnì ló ń pinnu iye epo tó lè jó nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni tọ́bò ń ṣe: èéfín tó ń jáde lọ sí sàláńsà yóò yí abẹ̀bẹ̀ kan, abẹ̀bẹ̀ náà yóò yí èkejì, èkejì yóò sì máa ki afẹ́fẹ́ wọlé. Alfred Büchi, onímọ̀-ẹ̀rọ ọmọ Switzerland, gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1905. Ní 1962 ni Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair gbé e wọ ọkọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà, Saab 99 Turbo sì sọ ọ́ di ohun tí a lè máa lò lójoojúmọ́ nígbà tí ẹ̀wádún 1970 ń parí lọ.

Àléébù kan wà tó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, èéfín kò pọ̀ tó láti yí abẹ̀bẹ̀. Awakọ̀ yóò tẹ iná, mọ́tò yóò sì ṣe bí ẹni tó ń ronú kó tó gbéra. Nínú Honda Civic ọdún 2016 tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 1.5 àti jíà CVT, agbára ìyípo tó ga jù, Nyútìn-mítà 220, kò dé àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí tó ìgbà 1,700 ní ìṣẹ́jú kan. Ó sì ń wà bẹ́ẹ̀ títí dé 5,500. Ti Elantra Sport, tó jẹ́ lítà 1.6, jẹ́ 265, láti 1,500 sí 4,500. Ẹni tó bá ń gun òkè pẹ̀lú ìyípo tó kéré sí èyí, ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò ló ń wà ní ti gidi, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì kéré.

Ohun tí bọ́tìnnì ń yí padà

Láyé àtijọ́, wáyà ló so ẹsẹ̀ awakọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ẹ̀wádún 1980 ń parí lọ ni BMW gbé ètò oníná wọ 750 rẹ̀: pẹ́dàlì ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣí ojú afẹ́fẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti wà láàárín, ó ṣeé ṣe láti ní kó túmọ̀ ìtẹ̀ kan náà sí ọ̀nà púpọ̀. Ibẹ̀ ni ipò ìwakọ̀ ti ṣẹ̀.

Ohun kìíní tó ń yí padà ni ìdáhùn pẹ́dàlì. Bí awakọ̀ bá tẹ iná díẹ̀, Sport yóò ṣí ojú afẹ́fẹ́ jù bí Eco yóò ṣe ṣí i lọ. Ohun kejì, tó sì ṣe pàtàkì jù, ni jíà. Eco ń sáré pààrọ̀ sí jíà òkè kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó má jẹ epo púpọ̀; Sport ń di jíà ìsàlẹ̀ mú pẹ́, kí abẹ̀bẹ̀ tọ́bò má baà rẹ̀yìn. Ìkẹta ni àwọn ohun tó yí wọn ká. ECON ti Honda, fún àpẹẹrẹ, ń dín iṣẹ́ ẹ́sì kù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, Sport ń mú kí ìtọ́kọ̀ wúwo lọ́wọ́. Nínú Golf GTI ìran keje, ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ìró kún ìró ẹ́ńjìnnì. Ìtọ́kọ̀ wíwúwo àti ìró kò fi nǹkan kan kún ìyárasókè, ṣùgbọ́n etí àti ọwọ́ awakọ̀ yóò máa sọ fún un pé ọkọ̀ ti yára sí i.

Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn kì í fi í parí. Bí ènìyàn bá tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá lórí ilẹ̀ títẹ́jú, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, Eco àti Sport yóò ṣí ojú afẹ́fẹ́ tán, jíà yóò já wálẹ̀ nínú méjèèjì, agbára kan náà ni yóò sì jáde. Ìyàtọ̀ tó kù ni àkókò kékeré tí jíà gbà kó tó já. Àmọ́ ta ló ń tẹ iná mọ́lẹ̀ tán láti Ṣúpárè dé Ìkàrẹ́? Ìtẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni a fi ń wakọ̀, ibẹ̀ sì ni ipò ti ń fi ara hàn.

Níbi tí agbára ti ń yí padà lóòótọ́

Àwọn ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí èyí, ní ilé iṣẹ́ Fiat sì ni àpẹẹrẹ rẹ̀ ti hàn kedere jù. Nínú Abarth 500 tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 1.4, Nyútìn-mítà 180 ni agbára ìyípo ní ipò ojoojúmọ́. Bí a bá tẹ Sport, ó di 206. Nínú Fiat 500 TwinAir, tó jẹ́ lítà 0.9 oní-sìlíńdà méjì, Eco ń já ti ẹ̀ wálẹ̀ láti 145 sí 100. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, títẹ iná tán kò lè gba agbára tí ipò ti dì padà. Nítorí náà, ìwé ìtọ́nisọ́nà ọkọ̀ ni kí oníkálukú kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìṣirò lórí òkè

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ tó wúwo tó kìlógíráàmù 1,400 pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀, tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan, tí agbára ìyípo rẹ̀ jẹ́ 220. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń yí ní 1,700, bíi ti Eco, agbára tó ń mú jáde jẹ́ kílówáàtì 39; bó bá ń yí ní 3,000, bíi ti Sport, ó di 69. A yọ ohun tó ń ṣòfò nínú jíà sílẹ̀ nínú ìṣirò yìí. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, afẹ́fẹ́ àti táyà kì í gbà ju kílówáàtì 3 lọ púpọ̀. Eré ọkọ̀ náà lè fi kìlómítà 6 àti ààbọ̀ ní wákàtí kan lé sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ní ìyípo kékeré, ó sì lè fi 12 lé sí i ní ìyípo ńlá. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìlọ́po méjì.

Tó bá wá dé orí òkè tó ń ga ní mítà 10 nínú 100, òkè nìkan yóò gba kílówáàtì 19. Ìyípo kékeré yóò wá ku kìlómítà 3 péré; ti ńlá yóò ku nǹkan bí 9. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Bí èrò mẹ́rin bá wọlé pẹ̀lú ẹrù díẹ̀, tí ọkọ̀ di kìlógíráàmù 1,750, ti kékeré kò ní tó 2, ti ńlá yóò sì jẹ́ 6. Ìyàtọ̀ ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tó ń fi Eco wakọ̀ ní ìgboro Èkó lè má mọ̀ pé ohun kan dín kù, ṣùgbọ́n ẹni tó kó èrò gun Òkè Ọ̀kà yóò mọ̀ ọ́n lára. Bí Eco bá sì fà á wálẹ̀ kọjá 1,700, tí tọ́bò rẹ̀yìn, yóò burú jù báyìí lọ.

Ooru, gíga ilẹ̀ àti epo

Ní ibi tó ga ní mítà 400 ju òkun lọ, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ti dín kù ní nǹkan bí ìdá 5 nínú 100. Bí ooru bá kúrò ní 15 dé 35 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ tún fẹ́lẹ́ sí i ní nǹkan bí ìdá 6. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò yóò pàdánù méjèèjì. Tọ́bò lè yí sí i láti dí àlàfo náà, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó kì wọlé yóò gbóná, ẹ̀rọ tó ń tu afẹ́fẹ́ náà lára kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí ọkọ̀ bá ń wọ́ lẹ́yìn tírélà. Bí iná bá ń ràn ṣáájú àkókò, tàbí tí epo kò dára, kọ̀ǹpútà yóò fa agbára sẹ́yìn láti gba ẹ́ńjìnnì là. Kò sí bọ́tìnnì tó lè bá a jiyàn. Púlọ́ọ̀gì tó ti gbó àti ọ́ìlì tí a kò pààrọ̀ lásìkò lè gba ohun tó ju èyí tí Sport fún ni lọ.

Sísọ̀kalẹ̀

Ohun tó ń gòkè ní láti sọ̀. Nínú Golf ìran keje tó ní jíà DSG, ipò Eco lè tú ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ọkọ̀ máa yọ́ lọ láìjẹ epo púpọ̀. Èyí dára lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì nìkan ni yóò máa gbé gbogbo ìwúwo náà. Jíà ìsàlẹ̀, tí Sport tàbí ìyípadà àfọwọ́ṣe ń dì mú, ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bá bíréèkì ṣiṣẹ́. Àkùngbá kò nílò ẹ̀kọ́ lórí èyí: ní oṣù Kínní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ìjánu bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀ gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì wà lára wọn.

Àgbálọgbábọ̀

Sport kì í fi agbára kún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré alátọ́bò, Eco kò sì sọ wọ́n di ọ̀lẹ. Jíà àti ìyípo ẹ́ńjìnnì ni òkodoro ọ̀rọ̀. Kí awakọ̀ Àkókó lo Eco nígbà tí ọ̀nà bá tẹ́jú tí ẹrù bá fúyẹ́. Kó bọ́ sí Sport tàbí jíà ìsàlẹ̀ kó tó dé ẹsẹ̀ òkè, kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi sọ̀ tán. Lẹ́yìn ìgòkè líle, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi díẹ̀ kó tó pa á, nítorí ọ́ìlì ló ń tu tọ́bò lára. Ìyárasókè kò sì sọ òfin nù: kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin ìrìnnà fàyè gbà láàárín ìlú, Sport ni o, Eco ni o.

A rọ àwọn onímọ̀ físíìsì ní yunifásítì tó wà ní Àkùngbá pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wọn ìyàtọ̀ àwọn ipò yìí lórí òkè tó yí wọn ká, kí wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ ní èdè tí awakọ̀ àti mẹkáníìkì yóò lè kà.