Àwọn aago inú ara tí kì í tẹ̀lé ojúmọ́: Ohun tó yẹ kí ará etíkun mọ̀ nípa èémí, oorun, ibà àti nǹkan oṣù

Ní Awoye, létí òkun Atlantic ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kì í ṣe oòrùn nìkan ni a fi ń mọ àkókò. Omi náà ní aago tirẹ̀. Nǹkan bí wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ló máa ń wà láàrin ìgbà tí òkun bá kún àti ìgbà tí yóò tún kún. Nítorí náà, omi tí ó bá kún ní agogo 6 àárọ̀ òní yóò kún ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lẹ́yìn agogo 6 àárọ̀ ọ̀la. Apẹja tí ó bá ń bá omi rìn kò lè máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara ènìyàn rí. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nínú àwọn aago rẹ̀ ni aago ojúmọ́, tí ó ń mú wa sùn lóru tí ó sì ń jí wa lówùúrọ̀. Òun ni Franz Halberg fún ní orúkọ circadian ní 1959, òun náà ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta ará Amẹ́ríkà, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, torí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017. Ṣùgbọ́n àwọn ìyípo mìíràn wà nínú ara tí kì í dúró de ojúmọ́. Àwọn tí ó kúrú ju ọjọ́ kan lọ ni wọ́n ń pè ní ultradian, àwọn tí ó gùn jù ú lọ ni infradian. Ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n lè fi gba ẹ̀mí là.

ÈÉMÍ ỌMỌDÉ

Ìlù ọkàn àti mímí ló yára jù nínú wọn. Ọkàn àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń lù láàrin ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì máa ń mí láàrin ìgbà 12 sí 20. Ti ọmọdé yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó yẹ kí ó mọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti la ààlà yìí sílẹ̀ fún ọmọ tí ó ń wúkọ́ tàbí tí kò lè mí dáadáa. Bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 bá mí tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, èémí rẹ̀ ti yá jù. Fún ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11, ìgbà 50 ni. Fún ọmọ ọdún 1 títí dé ọdún 5, ìgbà 40 ni. Ó lè jẹ́ òtútù àyà. Ìgbà tí ọmọ bá dákẹ́ ni kí ìyá wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, kí ó kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan. Kò gbọdọ̀ kà á nígbà tí ọmọ bá ń sunkún tàbí tí ó bá ń mu ọmú. Níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi kí a tó dé Igbókọ̀dà, kò yẹ kí a fi irú èyí dúró di ọjọ́ kejì. Bí abẹ́ àyà ọmọ bá ń wọnú bí ó ti ń mí, tàbí tí kò lè mu ọmú mọ́, ọkọ̀ ni kí a wá lójú ẹsẹ̀.

OORUN APẸJA

Ihò imú méjèèjì kì í ṣí bákan náà. Ọ̀kan á ṣí, èkejì á rọra dí, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan wọn yóò pààrọ̀ iṣẹ́. Richard Kayser, dókítà ará Jámánì, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1895. Inú tí ebi ń pa náà máa ń fún pọ̀ ní ìgbà dé ìgbà, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 sí 120.

Oorun ní ìyípo tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ti Yunifásítì Chicago ròyìn pé ojú ẹni tí ó sùn máa ń yí kíákíá lábẹ́ ìpéǹpéjú ní àwọn àkókò kan, àti pé bí a bá jí i nígbà náà, àlá ni yóò máa rọ́. Oorun máa ń bẹ̀rẹ̀ ní fẹ́ẹ́rẹ́, yóò di oorun ìjìkà, kí ó tó kan oorun àlá. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 ni ìyípo kan, a sì máa ń ṣe 4 sí 6 irú rẹ̀ lóru. Ìbẹ̀rẹ̀ òru ni oorun ìjìkà ti ń pọ̀, ìdájí ni oorun àlá ti ń gùn.

Èyí kan apẹja gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí ó sùn ní agogo 10 alẹ́ tí ó sì dìde ní agogo 2 òru nítorí omi ti rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú oorun ìjìkà gbà, ṣùgbọ́n ó pàdánù èyí tí ó pọ̀ jù nínú oorun àlá. Bí wọ́n bá sì jí i láàrin oorun ìjìkà, orí rẹ̀ lè wà nínú kùrukùru fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí. Kò yẹ kí ó di ẹ̀rọ ọkọ̀ mú kí ojú rẹ̀ tó dá. Bí ó bá fẹ́ tòògbé lọ́sàn-án, kí ó má ju ìṣẹ́jú 20 lọ, tàbí kí ó sun ìṣẹ́jú 90 pé.

Ẹnìkan lè ní ara apẹja yóò ti mọ́ omi lára. Akàn ni èyí rí bẹ́ẹ̀ fún. Irú akàn kan wà ní ẹrẹ̀ etíkun, tí ọwọ́ akọ rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ fíìfíì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó irú rẹ̀ lọ sínú yàrá tí omi òkun kò dé, ó ṣì ń jáde, ó sì ń sinmi ní ìyípo òkun. Ènìyàn kò ní irú aago bẹ́ẹ̀ tí a mọ̀. Aago ojúmọ́ wa kì í sún ìṣẹ́jú 50 síwájú lójoojúmọ́ láti bá òkun lọ, ìdí sì nìyẹn tí àárẹ̀ fi ń mú ẹni tí ó ń bá a sáré.

Ọmọ tuntun ní tirẹ̀ kò tíì mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Wákàtí 2 sí 3 ni ó máa ń jí láti mu ọmú. Ó máa ń tó oṣù 2 sí 3 kí aago ojúmọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí múlẹ̀, nítorí náà kí bàbá ilé má bínú sí i.

IBÀ TÍ Ó LỌ TÍ Ó TÚN BỌ̀

Àwọn ìyípo kan wà tí kì í ṣe ti ara wa, àlejò ló gbé wọn wọlé. Plasmodium falciparum, tí ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ibà ẹ̀fọn ní Nàìjíríà, máa ń lo nǹkan bí wákàtí 48 nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ kí ó tó bẹ́ ẹ jáde. Ti Plasmodium malariae jẹ́ wákàtí 72. Camillo Golgi, ará Ítálì, ló fi hàn ní ọdún 1885 sí 1886 pé ìgbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì bá bẹ́ ni ara máa ń gbóná.

Ibà ọjọ́ kẹta ni àwọn dókítà àtijọ́ ní Yúróòpù ń pe ti wákàtí 48, ti wákàtí 72 sì ni ibà ọjọ́ kẹrin. Kò yẹ kí èyí rú Yorùbá lójú. Bí àwa náà ṣe ń ka ọjà nìyẹn. Ọjà ọrọọrún ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ìtàdógún sì ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 16, nítorí a máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ara lè tutù lọ́la kí ìyá rò pé ọmọ ti yá, kí iná sì tún ran ní ọ̀túnla. Ti falciparum kì í fi ìgbà gbogbo tẹ̀lé ètò, ó lè máa gbóná lójoojúmọ́, ó sì lè pa ọmọ kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò láàrin wákàtí 24 tí ara bá ti gbóná. Bí ó bá jẹ́ ibà ẹ̀fọn, kí aláìsàn lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta náà pé, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti tutù ní ọjọ́ kìíní.

NǸKAN OṢÙ

Láàrin àwọn ìyípo tí ó gùn, ti obìnrin ni a mọ̀ jù. Ọjọ́ 28 ni a máa ń dá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 21 sí 35 kò burú fún àgbàlagbà obìnrin. Ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tí ń bọ̀ tó dé, ara a sì gbóná díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyin kì í ju ọjọ́ kan lọ láyé, ṣùgbọ́n àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ 5. Nítorí náà, nǹkan bí ọjọ́ 6 ni obìnrin lè lóyún nínú ìyípo kan.

Yunifásítì Georgetown ní Amẹ́ríkà ti ṣe ètò kan fún obìnrin tí ìyípo rẹ̀ wà láàrin ọjọ́ 26 sí 32. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní. Láti ọjọ́ 8 títí dé ọjọ́ 19, bí kò bá fẹ́ oyún, kí ó yẹra fún ọkọ rẹ̀. Ẹni tí ìyípo rẹ̀ ń ṣe ségesège kò gbọdọ̀ gbára lé e; kí ó bi nọ́ọ̀sì léèrè ọ̀nà mìíràn.

ÒṢÙPÁ ÀTI ÌGBÀ ỌDÚN

Nítorí pé òṣùpá ń lo ọjọ́ 29 àti ààbọ̀ láti yípo, àwọn kan gbà pé òun ló ń darí nǹkan oṣù. Èyí kò tíì fìdí múlẹ̀. Ti oorun ni ẹ̀rí wà fún díẹ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2021 láàrin àwọn Qom ní Ajẹntínà fi hàn pé wọ́n máa ń pẹ́ sùn, oorun wọn sì máa ń kúrú, ní àwọn òru tí ó ṣáájú òṣùpá àrànmọ́jú, yálà iná mànàmáná wà lágbègbè wọn tàbí kò sí.

Ti ọdún kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní etíkun Ìlàjẹ, ìyàtọ̀ ojúmọ́ tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù kò tó wákàtí kan. Ní London, ojúmọ́ tí ó kúrú jù ní oṣù Kejìlá kì í tó wákàtí 8, ti oṣù Kẹfà sì ju 16 lọ. Àwọn kan máa ń ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nígbà òtútù bẹ́ẹ̀, Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1984. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí i lára rẹ̀ lókè òkun, kí ó má ṣe pè é ní ọ̀lẹ tàbí àfọwọ́fà. Kí ó lọ rí dókítà.

Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá nínú gbogbo èyí. Aago kan tí ó ń ka ìṣẹ́jú, kàlẹ́ńdà kan lára ògiri àti ìwé kékeré tí a fi kọ ọjọ́ ibà àti ọjọ́ nǹkan oṣù sílẹ̀ ti tó. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá béèrè pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn yóò wà.