Omi Tó Mọ́ Gaara, Tó sì Pa Ènìyàn 616

 

Bí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ní ìlú wa bá ti délẹ̀ láàárín àwa ọmọ ẹgbẹ́, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wa mójú tó iṣẹ́ nílé ni pé, "Ṣé ẹ ti kan omi?" Bí ó bá dáhùn pé, "A ti kàn án, ó mọ́ gaara, ó sì dùn lẹ́nu," ọkàn wa á balẹ̀, a ó sì fi owó tó kù ránṣẹ́. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà ní ìlú London níbí, tó kọ́ gbogbo ayé pé omi lè mọ́, kí ó dùn, kí ó sì jẹ́ ikú. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ní àdúgbò Soho, tí kò jìnnà sí Oxford Circus, títì kan wà tí à ń pè ní Broadwick Street. Broad Street ni orúkọ rẹ̀ ní ọdún 1854. Ibùgbé àwọn mẹ̀kúnnù ni nígbà náà, ìdílé kan nínú yàrá kan. Kànga kan wà lójú títì náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ onírin lé e lórí, èyí tí ènìyàn ń fi ọwọ́ fà kí omi tó jáde. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn omi kànga yìí púpọ̀. Kódà, àwọn mìíràn tí ẹ̀rọ omi mìíràn wà nítòsí wọn a máa rìn kọjá rẹ̀ lọ pọn ti Broad Street.

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó jẹun ọ̀sán pẹ̀lú àlàáfíà lè di òkú kí ilẹ̀ tó mọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn tó kú ti lé ní 500. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀, iye wọn jẹ́ 616.

Ọ̀pọ̀ dókítà àti aláṣẹ ìgbà náà gbà pé òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ló ń fa onígbáméjì. Dókítà kan tí ń jẹ́ John Snow kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1849 ló ti ń wí pé inú omi mímu ni àrùn náà ń gbà wọ ara. Ó bu omi Broad Street, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó rí níbẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ó bá jẹ́ pé ojú nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbá parí sí.

Ó lọ gba àkọsílẹ̀ àwọn òkú lọ́wọ́ ìjọba, ó sì ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bèèrè pé, "Níbo ni olóògbé ti ń mu omi?" Nínú òkú 83 tó tọpasẹ̀ wọn, 73 ló ń gbé níbi tí ẹ̀rọ Broad Street ti sún mọ́ wọn ju èyíkéyìí lọ. Nínú mẹ́wàá yòókù, ẹbí àwọn márùn-ún sọ pé Broad Street ni àwọn máa ń ránni lọ pọn omi. Àwọn mẹ́ta sì jẹ́ ọmọdé tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nítòsí ẹ̀rọ náà.

Snow tún bèèrè nípa àwọn tí kò kú. Ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí wà nítòsí, ènìyàn 535 ló ń gbé ibẹ̀, márùn-ún péré ló kú. Wọ́n ní kànga tiwọn. Ní ilé-iṣẹ́ ọtí tó wà ní Broad Street gan-an, òṣìṣẹ́ tó lé ní 70 ni wọ́n, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kú. Ọtí ni wọ́n ń mu, wọ́n sì ní kànga tiwọn pẹ̀lú.

Opó kan wà ní Hampstead lọ́nà jíjìn, níbi tí onígbáméjì kò sí rárá. Ó ti gbé Broad Street rí, adùn omi ibẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà kẹ̀kẹ́ ẹrù ń gbé ìgò kan wá fún un lójoojúmọ́. Ó mu èyí tí wọ́n gbé wá ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ó sì kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án. Ọmọ ẹbí rẹ̀ obìnrin tó wá kí i láti Islington mu nínú rẹ̀, ó padà sílé, òun náà kú. Òórùn Soho kò lè rìn dé Hampstead. Omi ló rìn débẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án, Snow kó ẹ̀rí rẹ̀ tọ ìgbìmọ̀ àdúgbò lọ. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yọ irin tí wọ́n fi ń fa ẹ̀rọ náà kúrò. Ká má purọ́, àrùn náà ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ti kú, ọ̀pọ̀ sì ti sá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù.

Àlùfáà ọ̀dọ́ kan wà ní àdúgbò náà, Henry Whitehead. Kò gba ọ̀rọ̀ Snow gbọ́, ó sì dìde láti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń wádìí lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí ń yí i lọ́kàn padà. Níkẹyìn ó rí i pé ní ilé nọ́ńbà 40, lẹ́bàá kànga náà, ọmọ ọwọ́ oṣù márùn-ún kan ti ń yàgbẹ́ gbuuru kí àjàkálẹ̀ náà tó bẹ́, ó sì kú. Ìyá rẹ̀ fọ ìlédìí ọmọ, ó da omi rẹ̀ sí kòtò ẹ̀gbin iwájú ilé. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ wò ní ọdún 1855, wọ́n rí i pé láàárín kòtò yẹn àti kànga kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Bíríkì ti jẹrà, ẹ̀gbin ń jò wọ inú omi.

Ọjọ́ tí wọ́n yọ irin ẹ̀rọ náà gan-an ni bàbá ọmọ yìí dùbúlẹ̀ àìsàn kan náà, tó sì pa á. Ìyàwó rẹ̀ tún ń da omi ẹ̀gbin sínú kòtò yẹn. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣì ń fa omi, àjàkálẹ̀ kejì ìbá tẹ̀lé e. Obìnrin náà kò ṣìkà. Ohun tí ìyá gbogbo ń ṣe ló ṣe. Kòtò tó sún mọ́ kànga jù ló fa ọ̀ràn.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká máa se omi náà, ó tán." Lóòótọ́, omi tó hó dáadáa ń pa kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n kòkòrò nìkan kọ́ ló ń ba omi kànga jẹ́. Ní ọdún 1945, Dókítà Hunter Comly ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ inú oko tí ara wọn dédé ń dúdú bí aró. Omi kànga ni wọ́n fi ń po wàrà wọn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni èròjà tí à ń pè ní nitrate, tó máa ń ti ara ìgbẹ́ ẹran, ajílẹ̀ àti ṣáláńgá jò wọ inú ilẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ lè gbé afẹ́fẹ́ tí a ń mí káàkiri ara. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn. Bí ẹ bá se é, ńṣe ló ń ki sí i, nítorí omi ló ń fẹ́ lọ, òun kì í lọ.

Nílé ńkọ́? Nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ gbé omi ẹ̀rọ wá sí Èkó, inú bí àwọn ará ìlú pé àwọn ni yóò máa san owó rẹ̀. Dókítà John Randle àti Dókítà Oríṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún 1908, wọ́n sì bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1915. Ṣùgbọ́n ìlú ti dàgbà ju omi ẹ̀rọ lọ. Kànga àti bọ́ọ̀hóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Ní ọdún 2024, onígbáméjì tún bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera ní kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30, ó kéré tán. Púlọ́ọ̀tì ọgọ́ta lọ́nà ọgọ́fà ẹsẹ̀ bàtà kò ju nǹkan bíi mítà 18 lọ́nà 37 lọ. Bí a bá tilẹ̀ fi kànga sí iwájú, tí a fi sọ́kàwéè sí ẹ̀yìn, sọ́kàwéè aládùúgbò lè wà lẹ́yìn ògiri wa gan-an. Nítorí náà, ẹ bèèrè ibi tí tiwọn wà kí ẹ tó gbẹ́ tiyín. Kí ẹ sì tó san owó tó kù fún agbẹ́kànga, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé omi náà lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n sì fi èsì ránṣẹ́ sí yín lórí ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìgbèríko Amẹ́ríkà, òfin omi mímu ti ìjọba àpapọ̀ kò dé orí kànga aládàáni. Onílé ló ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ìmọ̀ràn àwọn aláṣẹ ìlera ni pé kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pàápàá bí ọmọ ọwọ́ bá wà nílé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹ kàn sí ilé ìgbìmọ̀ àdúgbò yín.

Bí ẹ bá gba Soho kọjá, ẹ mú àwọn ọmọ yà sí Broadwick Street. Wọ́n gbé ẹ̀rọ omi kan ró síbẹ̀ fún ìrántí, kò ní irin ìfàmi. Ẹ sọ ìtàn náà fún wọn. Bí wọ́n bá sì tún pè yín láti ilé pé omi ti jáde, ó mọ́, ó dùn, ẹ bá wọn dúpẹ́, kí ẹ sì bèèrè èsì àyẹ̀wò. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.