Ìtàn Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ní Ọgbọ́n Àtúnṣe Ìlànà-Iṣẹ́

Ìfáárà
Ìlànà-iṣẹ́ ni ọ̀nà tí iṣẹ́ ń tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Àtúnṣe rẹ̀ ni wíwá ibi tí àkókò, owó tàbí agbára ti ń ṣòfò, àti dídí ibẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹnu iṣẹ́ gan-an ni ọgbọ́n yìí ti ń yé akẹ́kọ̀ọ́.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀
Ní ọdún 1906, Herman Schneider dá ètò kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Cincinnati. Akẹ́kọ̀ọ́ 27 ni ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kan ní kíláàsì, ọ̀sẹ̀ kan ní ilé-iṣẹ́. Ètò náà mú akẹ́kọ̀ọ́ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n àtúnṣe iṣẹ́ kọ́ ni ó gbé lé e lọ́wọ́.

Ìyípadà
Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1980, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti tẹlifíṣọ̀n láti Japan ti gba ọjà mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà lọ́wọ́. W. Edwards Deming, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti ń kọ́ àwọn ará Japan ní ọ̀nà tí ọjà fi ń dára sí i láti ọdún 1950, ni àwọn ará ilé rẹ̀ wá ṣẹ̀ṣẹ̀ fetí sí.

Ní ọdún 1988, ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá jọ dá ètò Leaders for Manufacturing sílẹ̀. Láàárín ọdún méjì, akẹ́kọ̀ọ́ ń gba oyè másítà méjì, ọ̀kan nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, èkejì nínú ìmọ̀ ìṣòwò. Fún oṣù mẹ́fà, yóò wà ní ilé-iṣẹ́ kan, yóò dojú kọ ìṣòro kan pàtó níbẹ̀, yóò sì fi àbájáde rẹ̀ kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀. Ní ọdún 2009, orúkọ ètò náà yí padà sí Leaders for Global Operations.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dá ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìṣirò, òṣìṣẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń há. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àgbálọgbábọ̀
Ní Nàìjíríà, Àjọ Industrial Training Fund dá SIWES sílẹ̀ ní ọdún 1973. Oṣù mẹ́fà kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ń lò níbẹ̀, tí ó sì ń kọ ohun tí ó ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gígùn àkókò ni ìyàtọ̀ ètò méjèèjì, bí kò ṣe ohun tí wọ́n ń béèrè. Ìwé àkọsílẹ̀ ń béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Ètò MIT ń béèrè ohun tí ó tún ṣe. Bí àwọn olùkọ́ bá fi ìbéèrè kejì kún ti àkọ́kọ́, oṣù mẹ́fà náà yóò ṣe akẹ́kọ̀ọ́ àti ilé-iṣẹ́ ní àǹfààní.