Agbára Ìlọ́po Méjì Kì Í Ṣe Eré Ìlọ́po Méjì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe géèmù bàálù ogun ní Yábàá àti Sùúrùlérè. Wọn kò pọ̀ tó àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí PlayStation, ṣùgbọ́n wọ́n mọ tinú-tòde géèmù wọn. Wọ́n á ṣí fódà Combat Flight Simulator 3, tí Microsoft gbé jáde ní 2002, wọ́n á wá fáìlì tó ń jẹ́ aircraft.cfg, wọ́n á fi Notepad ṣí i, wọ́n á sì sọ nọ́ńbà agbára ẹ́ńjìnnì di ìlọ́po méjì. Èrò wọn ni pé bàálù tó ń sá 650 kìlómítà ní wákàtí kan yóò máa sá 1,300. Nígbà tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní àwọn tó ṣe géèmù ló ti fi ìjánu pamọ́ síbì kan.

Kò sẹ́ni tó fi ìjánu pamọ́. Afẹ́fẹ́ ni. Ẹni tó bá ti wọ dánfó láti Adékúnlé gba orí afárá Third Mainland mọ ohun tí mò ń wí. Bí ọkọ̀ bá ń wọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ẹ na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, afẹ́fẹ́ kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Àmọ́ bí ọ̀nà bá là, tí awakọ̀ tẹná mọ́ ọn, ṣe ni ọwọ́ yẹn á máa fà sẹ́yìn bíi pé ẹnì kan dì í mú. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń fa nǹkan sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì tí yóò borí ìlọ́po mẹ́rin yìí tún gbọ́dọ̀ máa borí rẹ̀ ní eré ìlọ́po méjì, nítorí náà agbára tó máa ná an jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ. Méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ. Ẹ wá gbé ìṣirò náà wá látẹ̀yìn: bí agbára bá di ìlọ́po méjì péré, eré á di ìlọ́po 1.26, ìyẹn ni pé ohun tó fi lé sí i kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹ fi 1.26 sọ 1.26 di púpọ̀, kí ẹ tún fi 1.26 sọ èyí tẹ́ ẹ rí di púpọ̀; 2 ló máa jáde.

Inú ìwé nìkan kọ́ lèyí wà. Spitfire Mark I, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ja ogun ojú òfuurufú ní 1940, ní ẹ́ńjìnnì Merlin tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bí agbára ẹṣin 1,030, ó sì ń sá nǹkan bíi 580 kìlómítà ní wákàtí kan. Mark XIV tó dé ojú ogun ní 1944 ní ẹ́ńjìnnì Griffon tó ní agbára ẹṣin 2,050. Díẹ̀ báyìí ló kù kó pé ìlọ́po méjì. Eré rẹ̀ wá jẹ́ nǹkan bíi 720, ìdá mẹ́rin náà kò tilẹ̀ pé tán. Ká ní ọ̀rọ̀ àwọn àbúrò wa yìí tọ̀nà ni, Mark XIV ì bá ti sá 1,160, ì bá sì ti kọjá eré ìró ohùn ní ibi gíga tó ń fò. Títí di oṣù kẹwàá ọdún 1947 kò sí awakọ̀ òfuurufú tó kọjá eré ohùn nínú ìfò gbọọrọ. Bell X-1 tí Chuck Yeager fi ṣe é kò lo abẹ̀bẹ̀ rárá, rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń tì í.

Mo gbà pé agbára tí wọ́n fi kún un kò ṣòfò. Mark XIV fi ohun tó ju ẹgbẹ̀rún kìlógíráàmù lọ wúwo ju Mark I, síbẹ̀ ó ń gun òkè kíá jù ú lọ dáadáa. Ibi gígun òkè gan-an ni agbára ẹ́ńjìnnì ti ń hàn jù. Ẹni tó bá fẹ́ kí bàálù òun tètè gòkè nínú géèmù ni kó lọ fọwọ́ kan nọ́ńbà agbára.

Ẹ wo tiwa nílé. Ní 2021, Ilé-iṣẹ́ Ọmọ-ogun Òfuurufú Nàìjíríà gba bàálù ogun Super Tucano 12 tí ìjọba rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Agbára ẹṣin 1,600 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, ó fi ohun tó ju ìdajì lọ pọ̀ ju ti Spitfire Mark I. Eré rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 590 kìlómítà lọ. Èyí kò bù ú kù rárá. Ènìyàn méjì ló ń jókòó sínú rẹ̀, ó ń gbé bọ́ǹbù, ó sì lè máa yípo fún wákàtí púpọ̀ lókè igbó láti wá ọ̀tá lórí ilẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kàn án nìyẹn, eré àsápajúdé kọ́.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Mustang. Mustang P-51D tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe lo Merlin, ẹ́ńjìnnì kan náà tí Spitfire Mark IX lò. Àwọn bàálù méjèèjì sì wà nínú géèmù yìí. Mustang ló wúwo jù. Síbẹ̀ òun ló ń sá nǹkan bíi 700, nígbà tí Spitfire ń sá nǹkan bíi 650. Ara rẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀ ń yọ́ gba inú afẹ́fẹ́ kọjá ju ti Spitfire lọ, kò sí àṣírí mìíràn ńbẹ̀. Nínú aircraft.cfg, ìlà kan ń jẹ́ power_scalar, òmíràn ń jẹ́ parasite_drag_scalar. Ẹni tó bá dín èkejì yìí kù sí ìdajì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí eré kan náà gbà pẹ̀lú ẹni tó sọ ti àkọ́kọ́ di ìlọ́po méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ráhùn kò tíì débi ìlà yẹn rí.

Abẹ̀bẹ̀ iwájú ńkọ́? Ẹ lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣín, kí ẹ ní ẹ fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ńlá sí dánfó kékeré. Ẹni tó bá mọṣẹ́ níbẹ̀ á bi yín léèrè gíàbọ́ọ̀sì kó tó dárúkọ owó. Abẹ̀bẹ̀ ni gíàbọ́ọ̀sì bàálù. Àwọn Spitfire tó kọ́kọ́ jáde ní abẹ̀bẹ̀ onígi tí ojú rẹ̀ kò ṣeé yí, bí ọkọ̀ tó ní jíà kan ṣoṣo. Nígbà tó di ọdún 1940, láàárín ìjà gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ de Havilland ń lọ láti pápá bàálù kan dé òmíràn, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ tó ń yí ojú ara rẹ̀ padà bí eré bá ṣe rí sára àwọn bàálù Spitfire àti Hurricane. Láàárín nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n ti ṣe ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Wọn kò fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, àwọn bàálù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè kíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Epo náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Epo tuntun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún kan náà gbé agbára Merlin sókè dé nǹkan bíi 1,310 níbi tí kò ga púpọ̀, ó sì fi nǹkan bí 40 kìlómítà kún eré àwọn bàálù náà nítòsí ilẹ̀. Lókè réré, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, àǹfààní yẹn kò sí mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní bàálù òun ń sá tó báyìí, kó sọ ibi gíga tó ti ń sá a.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín sí ibòmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fò ní ibi gíga kan náà lójoojúmọ́, kí bàálù sáré títí tí eré rẹ̀ kò fi lè pọ̀ sí i mọ́, kí ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sọ fún mi bóyá ìjánu wà nínú géèmù náà.